Ọkọ̀ 700: àkọsílẹ̀ ogun Róòmù àti Carthage lórí omi Sísílì, 264 sí 241 ṣáájú ìbí Kristi

Nínú ogun àkọ́kọ́ tí Róòmù bá Carthage, ìlú ńlá kan ní etíkun àríwá Áfíríkà, jà, nǹkan bíi 700 ọkọ̀ ogun ni Róòmù pàdánù. Carthage pàdánù nǹkan bíi 500. Síbẹ̀, ẹni tó pàdánù jù ló ṣẹ́gun, ẹni tí omi jẹ́ ilé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló sì tọrọ àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọkọ̀ 700 yẹn ná. Ìjì ọdún 255 kó 284. Ti ọdún 253 kó ju 150 lọ. Ti ọdún 249 kó nǹkan bíi 120. Ìyẹn ti di 554. Ọwọ́ Carthage ńkọ́? Ó gba 17 ní Lipara, ó rì 24 ní Ecnomus, ó gba 93 ní Drepana. Gbogbo rẹ̀ kò ju 134 lọ. Ohun tí afẹ́fẹ́ kó lọ́wọ́ Róòmù tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ọ̀tá kó. Ẹni tó bá ń ka ìtàn ogun yìí bí ìtàn akíkanjú àti idà nìkan, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ti bọ́ sọnù lójú rẹ̀. Igi, atukọ̀, ojú ọjọ́ àti àpò owó ni ogun náà.

Ṣáájú ìbí Kristi ni gbogbo ọdún tó wà níbí, nítorí náà ńṣe ni iye wọn ń dín kù bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ọ̀dọ̀ Polybius ni ọ̀pọ̀ iye náà ti wá, ará Gíríìsì tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ogun. Ó ní ìwé àwọn méjì lọ́wọ́, Fabius Pictor ará Róòmù àti Philinus ará Akragas ní Sísílì, tó wà lẹ́yìn Carthage, ó sì sọ ọ́ gbangba pé oníkálukú wọn ń gbè sẹ́yìn ẹni tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ òde òní kan gbà pé ó bu iye sí i níbòmíì, pàápàá ní Ecnomus, àmọ́ ìrísí ìtàn náà kò yí padà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọ̀nà omi tóóró kan ló pín Ítálì àti Sísílì níyà, ìlú Messana ló sì wà létí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun àháyà kan láti Campania, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Mamertini, ti gba ìlú náà mọ́ onílé lọ́wọ́, wọ́n pa àwọn ọkùnrin, wọ́n sì pín ìyàwó àti ilẹ̀ wọn. Nígbà tí Hiero, ọba ìlú Syracuse ní Sísílì, lù wọ́n bolẹ̀, apá kan nínú wọn ránṣẹ́ sí Carthage, apá kejì ránṣẹ́ sí Róòmù. Carthage ló kọ́kọ́ dé. Ní 264, Appius Claudius, ọ̀kan nínú àwọn kọ́ńsù méjì tí Róòmù ń yàn lọ́dọọdún láti ṣàkóso àti láti darí ogun, kó ọmọ ogun sọdá, balógun Carthage tó wà nínú ìlú sì ti kó jáde. Hanno ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ kàn án mọ́gi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Hiero bá Róòmù mulẹ̀, ó sì di ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ títí ogun fi parí. Ní 262, Róòmù sàga ti Akragas fún oṣù mélòó kan, wọ́n gba ìlú náà, wọ́n sì ta àwọn ará ìlú sóko ẹrú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti hàn. Àwọn ìlú àárín ilẹ̀ ń wá sọ́dọ̀ Róòmù nítorí ẹ̀rù ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀, àwọn ìlú etíkun sì ń padà sẹ́yìn Carthage nítorí ẹ̀rù ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tí Róòmù bá fi ọ̀sán gbà lórí ilẹ̀, òru ni ọkọ̀ Carthage ń gbà á padà. Bí Róòmù kò bá ní ọkọ̀, ogun náà kò lè parí láé.

Ọkọ̀ 120, àti àwọn atukọ̀ orí iyanrìn

Ọkọ̀ tí ayé ń lò nígbà náà ni èyí tí àwọn ará Gíríìsì ń fi iye márùn-ún pè. Àwọn kan rò pé ipele àjẹ̀ márùn-ún ló ní, àmọ́ kò sí igi tó lè gbé irú ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ipele mẹ́ta ni: èèyàn méjì lórí àjẹ̀ òkè, méjì lórí ti àárín, ẹyọ kan nísàlẹ̀. Èèyàn márùn-ún nìyẹn. Bí a bá tò wọ́n ní ọ̀nà 30 lápá kọ̀ọ̀kan, a ó ní atukọ̀ 300, iye tí Polybius sì fún wa gan-an nìyẹn.

Èrè kan wà nínú èyí tó bá Róòmù lára mu. Lórí àjẹ̀ tí ẹnì kan ń fà, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ mọṣẹ́. Lórí àjẹ̀ tí èèyàn méjì ń fà, ẹni tó mú orí rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, ẹnì kejì, agbára lásán ló ń tà. Ìlú tó ní àgbẹ̀ rẹpẹtẹ àmọ́ tí kò ní apẹja tó lè kọ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìkánjú.

Róòmù pàṣẹ pé kí wọ́n kan 100 irú ọkọ̀ yìí àti 20 ọkọ̀ kékeré alájẹ̀ mẹ́ta. Àwòkọ́ṣe wọn ni ọkọ̀ Carthage kan tó sáré jù nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń sọdá sí Messana, tó sì gun yanrìn. Wọ́n fà á wá sílé, àwọn káfíńtà sì ń wọ̀n ọ́n ní ẹyọ ẹyọ. Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù, sọ pé 60 ọjọ́ ni wọ́n fi ṣe é, láti ọjọ́ tí wọ́n gé igi. Àwọn èèyàn ti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ rí pé àsọdùn ni. Ṣùgbọ́n láti 1971 sànmánì tiwa, wọ́n hú òkú ọkọ̀ Carthage kan nínú omi nítòsí Marsala, èyí tó jẹ́ Lilybaeum àtijọ́, tó jẹ́ ti nǹkan bí ìgbà ogun yìí. Lẹ́tà ìkọ̀wé Carthage wà lára pákó rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ láti fi hàn ibi tí pákó kọ̀ọ̀kan máa wọ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n ti gé pákó sílẹ̀, wọ́n sàmì sí i, kó tó di pé wọ́n tò ó. Ẹni tó bá tú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ palẹ̀ ti rí ìwé ìlànà rẹ̀ gbà.

Bí àwọn káfíńtà ṣe ń kan ọkọ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn atukọ̀ lórí ilẹ̀. Wọ́n to bẹ́ǹṣì sórí iyanrìn bó ṣe máa wà nínú ọkọ̀, àwọn èèyàn jókòó ní ipò wọn, ẹni tó ń pe ìlù dúró láàárín. Bó bá pè, gbogbo wọn á fara sẹ́yìn, wọ́n á fa ọwọ́ sí àyà. Bó bá tún pè, wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á ti ọwọ́ lọ. Ohun tó ń pa ọkọ̀ alájẹ̀ kì í ṣe àìlágbára, àìbárawọnṣe ni: bí ẹnì kan bá pẹ́, àjẹ̀ rẹ̀ á kọ lu ti ẹni iwájú, ìlà kan á dàrú, ọkọ̀ á sì wọ́ sápá kan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá bọ́ sómi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì wa ọkọ̀ gba etíkun Ítálì lọ.

Ìjàm̀bá àkọ́kọ́ kò pẹ́ dé. Ní 260, kọ́ńsù Gnaeus Cornelius Scipio kó ọkọ̀ 17 wọ èbúté Lipara nítorí pé wọ́n ní àwọn ará ìlú fẹ́ wá sọ́dọ̀ Róòmù. Ogún ọkọ̀ Carthage dí ẹnu èbúté mọ́ ọn lóru. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn atukọ̀ rẹ̀ fò sílẹ̀, wọ́n sá gun òkè, Carthage sì mú kọ́ńsù. Asina ni orúkọ tó mọ́ ọn lára, ìyẹn abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Afárá ẹyẹ ìwò

Róòmù mọ̀ pé ọkọ̀ òun wúwo, pé àwọn atukọ̀ òun kò lè yí po bíi ti Carthage. Ọgbọ́n Carthage ni pé kí ọkọ̀ sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tá, kó yí bìrí, kó fi imú idẹ rẹ̀ gún un ní ìhà tàbí ní ìdí. Imú idẹ yìí wà níwájú ọkọ̀ gan-an, ní ibi tí omi mọ. Bó bá wọlé, omi á tẹ̀ lé e. Ohun tí Róòmù nílò ni ohun tó máa mú kí ọkọ̀ tó sún mọ́ òun má lè lọ mọ́.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Wọ́n ri òpó kan mọ́ iwájú ọkọ̀, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24, kẹ̀kẹ́ tí okùn ń gbà kọjá wà lórí rẹ̀. Wọ́n fi pákó ṣe afárá kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 36, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Wọ́n dá ihò gbọọrọ sí i ní ẹsẹ̀ bàtà 12 sí ìdí rẹ̀, òpó náà gba inú ihò yìí, èyí ló jẹ́ kí afárá lè yí sọ́tùn-ún, sósì àti síwájú. Ìgbátí tó ga dé orúnkún wà lápá méjèèjì. Ní ìpẹ̀kun afárá, lábẹ́, wọ́n kan irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó dà bí ọmọ odó, òrùka kan sì wà lórí rẹ̀ tí wọ́n so okùn mọ́. Wọ́n á fi okùn gbé afárá dúró bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Bí ọ̀tá bá sún mọ́ tòsí, wọ́n á yí i sí ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á sì jọ̀wọ́ okùn. Afárá á já lulẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀, irin á wọ pákó ọ̀tá, ó parí. Àwọn méjì méjì ni ọmọ ogun ń gbà kọjá: àwọn ti iwájú gbé apata síwájú, àwọn ti ẹ̀yìn gbé tiwọn lé ìgbátí lápá méjèèjì. Ẹyẹ ìwò ni wọ́n sọ nǹkan náà, nítorí irin yẹn tó ń sọ bí ẹnu ẹyẹ.

Ní Mylae, lọ́dún 260 kan náà, Hannibal, olórí ogun Carthage (kì í ṣe Hannibal tó fi erin jagun, orúkọ yìí pọ̀ lọ́dọ̀ wọn bí Àjàyí), rí ọkọ̀ Róòmù, kò tilẹ̀ to ọkọ̀ tirẹ̀ 130 dáadáa. Ó forí lé wọn tààrà. Afárá já lu 30 ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dé, tó fi mọ́ ọkọ̀ òun fúnra rẹ̀, ó sì fi ọkọ̀ kékeré sá àsálà. Àwọn tó kù gbìyànjú láti yí gba ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, àmọ́ afárá náà ń yí tẹ̀ lé wọn. Ọkọ̀ 50 ni Carthage pàdánù. Duilius, kọ́ńsù tó ṣẹ́gun, gba ẹ̀tọ́ kan tí kò sí irú rẹ̀: bó bá ti òde àsè dé lóru, elétùfù àti afọnfèrè á sìn ín délé.

Ní 256, Róòmù pinnu láti gbé ogun lọ bá Carthage nílé. Ọkọ̀ 330 gbéra, atukọ̀ 300 àti ọmọ ogun 120 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, Carthage sì kó 350 pàdé wọn ní Ecnomus, létíkun Sísílì. Bí iye yẹn bá jẹ́ òótọ́, èèyàn tó lé ní 280,000 ló wà lórí omi lọ́jọ́ kan. Róòmù to ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹnu ọfà, ó fi ìlà kẹta fa àwọn ọkọ̀ ẹṣin lẹ́yìn, ìlà kẹrin sì ṣọ́ ìdí. Ó pàdánù 24, ó rì ju 30 ọkọ̀ Carthage lọ, ó sì gba 64.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà, kíá la ó kọjá lára rẹ̀. Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ ìjọba Róòmù, pe kọ́ńsù kan padà, wọ́n fi Regulus, kọ́ńsù kejì, sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́sẹ̀ 15,000, ẹlẹ́ṣin 500 àti ọkọ̀ 40. Ó ṣẹ́gun ní Adys, ó gba Tunis, ó sì fún Carthage ní àdéhùn tó le débi pé wọ́n fi àáké kọ́rí. Xanthippus, ará Sparta tí wọ́n háyà, wo ogun wọn, ó ní kì í ṣe pé ọmọ ogun yín kò dáa, orí òkè lẹ ń jà nígbà tí erin àti ẹṣin yín nílò pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní 255, ó to erin tó sún mọ́ 100 síwájú, ẹlẹ́ṣin 4,000 sí ẹ̀gbẹ́. Nǹkan bíi 2,000 ará Róòmù péré ló sá àsálà, wọ́n sì mú Regulus. Ìtàn pé wọ́n dá a lóró pa kò sí lọ́dọ̀ Polybius.

Camarina, 255

Róòmù rán 350 ọkọ̀ láti lọ kó àwọn tó ṣẹ́ kù. Wọ́n ṣẹ́gun ọkọ̀ Carthage lójú ọ̀nà, wọ́n gba 114, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn, ọkọ̀ 364 sì forí lé ilé. Àwọn atọ́kọ̀ bẹ àwọn kọ́ńsù: ẹ má gba etíkun Sísílì tó dojú kọ Áfíríkà. Ìdí méjì ni wọ́n sọ. Ibẹ̀ kò ní èbúté, àpáta ló kún un. Àkókò náà sì jẹ́ àárín ìgbà tí ìràwọ̀ Orion ń yọ sí ìgbà tí Sirius ń yọ, ní nǹkan bí oṣù keje ọdún, tí ojú omi kì í ṣeé gbára lé. Àwọn kọ́ńsù kọ etí ikún. Ìlú mélòó kan wà létíkun yẹn tí wọ́n fẹ́ fi ìṣẹ́gun wọn dẹ́rù bà kí wọ́n lè túúbá.

Ìjì bá wọn ní ìpínlẹ̀ Camarina. Ọkọ̀ 80 ló yè nínú 364.

Kí ló dé tó fi burú tó bẹ́ẹ̀? Ọkọ̀ ogun alájẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò jìn nínú omi, ihò àjẹ̀ rẹ̀ tí ìsàlẹ̀ kò sì ga sí omi. A ṣe é kí ó lè yára, a kò ṣe é kí ó lè fara da ìgbì. Èèyàn 300 tó ń wa ọkọ̀ nínú ooru ń mu omi púpọ̀, kò sí àyè láti kó omi ọjọ́ mẹ́ta, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ dúró sí etí ilẹ̀ lóòrèkóòrè. Ìyẹn ló ń mú kí wọ́n máa rìn mọ́ etíkun. Bí ìjì bá wá fẹ́ láti ojú òkun sí ilẹ̀, ọkọ̀ onígbòkun lásán lè gbìyànjú láti jìnnà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ alájẹ̀ tí ìgbì ti da àjẹ̀ rẹ̀ rú, àpáta ló ń lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tún ń fura sí afárá ẹyẹ ìwò: ìwúwo bẹ́ẹ̀ lókè iwájú ọkọ̀ ń mú kó tẹ̀ síwájú, kó sì máa fì. Lẹ́yìn Ecnomus, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Polybius, tó fẹ́ràn Róòmù, kò fi bò ó. Ó ní gbogbo nǹkan ni wọ́n ń fi agbára ṣe, ó ń bá wọn jáde lórí ilẹ̀ nítorí pé èèyàn ni wọ́n ń bá jà níbẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ àti òkun kì í bẹ̀rù agbára ẹnì kankan.

Wọ́n kan 220 ọkọ̀ tuntun láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n sì gba ìlú Panormus ní Sísílì ní 254. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ jalè ní etíkun Áfíríkà. Omi fà lẹ́yìn wọn ní Syrtis Kékeré, ọkọ̀ jókòó sórí iyanrìn, ó di kí wọ́n máa da ẹrù wúwo sómi kí ọkọ̀ lè léfòó nígbà tí omi padà. Wọ́n sá dé Panormus. Dípò kí wọ́n rọra tẹ̀ lé etíkun, wọ́n la àárín òkun kọjá sí Róòmù. Ju 150 ọkọ̀ lọ tún rì.

Drepana, 249

Láti 250 ni Róòmù ti sàga ti Lilybaeum. Ọ̀gbẹ́ni kan lọ́dọ̀ Carthage, Hannibal tí wọ́n ń pè ní ará Rhodes, ń gba àárín ọkọ̀ Róòmù wọ èbúté, ó tún ń jáde lọ́sàn-án gangan. Ó mọ ibi tí omi jìn sí: bó bá ń bọ̀ láti apá Ítálì, á to ilé ìṣọ́ kan ní iwájú ọkọ̀ rẹ̀ títí tí yóò fi bo àwọn yòókù tó kọjú sí Áfíríkà. Bó bá jáde tán, á dúró, á gbé àjẹ̀ sókè, á máa wò bóyá ẹnì kan máa jáde wá bá òun. Ó ń ṣe fáàrí. Wọ́n mú un nígbà tí ọkọ̀ Carthage kan gun òkìtì tí Róòmù ti dà sínú omi. Róòmù fi àwọn atukọ̀ tó dáa jù sínú ọkọ̀ náà, ó sì lé e bá. Ẹ rántí ọkọ̀ ará Rhodes yìí, a máa padà sórí rẹ̀.

Kọ́ńsù Publius Claudius Pulcher dé ní 249. Nítorí pé ìdótì ti pa atukọ̀ púpọ̀, Róòmù fi 10,000 tuntun ránṣẹ́, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn gba Sísílì kọjá. Claudius rò pé Adherbal, ọ̀gá ọkọ̀ Carthage ní Drepana, kò gbọ́ nípa àwọn tuntun yìí. Ó gbéra lóru, ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, nígbà tílẹ̀ mọ́, orí ìlà rẹ̀ ti ń wọ Drepana.

Adherbal kò jẹ́ kí wọ́n há òun mọ́ inú èbúté. Ó kó atukọ̀ wọ ọkọ̀ kíákíá, ó ní kí gbogbo wọn máa wo ọkọ̀ òun, ó sì bá ẹ̀gbẹ́ àpáta kejì jáde bí Róòmù ṣe ń wọlé. Claudius rí i, ó pàṣẹ kí wọ́n yí padà. Àmọ́ àwọn kan ti wà nínú èbúté, àwọn kan wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn kan ṣì ń bọ̀. Àwọn tó ń jáde kọ lu àwọn tó ń wọlé, àjẹ̀ ń ṣẹ́. Àwọn olórí ọkọ̀ ṣáà to ara wọn sẹ́bàá ilẹ̀, wọ́n kọ iwájú sí òkun. Nígbà yẹn, Adherbal ti kọjá apá òsì wọn, ó ti to ọkọ̀ tirẹ̀ sójú agbami.

Gbogbo nǹkan wá bọ́ sí ọwọ́ Carthage níbẹ̀. Ọkọ̀ Carthage tó bá wà nínú wàhálà lè fà sẹ́yìn sí agbami, kó yí, kó sì gún ẹni tó ń lé e. Ọkọ̀ Róòmù tó bá fà sẹ́yìn, orí yanrìn ló ń gun. Kò lè gba ẹ̀yìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá láti lọ ràn án lọ́wọ́, nítorí pé kò sí omi lẹ́yìn. Claudius sá lọ pẹ̀lú nǹkan bí 30 ọkọ̀. Wọ́n gba 93.

Àwọn ará Róòmù fẹ́ràn láti dẹ́bi fún àwọn adìyẹ mímọ́, tí wọ́n fi ń wo ohun tí àwọn òrìṣà fẹ́ kí wọ́n tó jà. Wọ́n ní adìyẹ kọ̀ láti jẹun kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, Claudius sì ní bí wọn kò bá jẹ, kí wọ́n mu, ó dà wọ́n sómi. Lójú tiwa, ibi tí Claudius wà ló burú jù adìyẹ lọ: ẹ̀yìn pátápátá ni ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú ìlà tó ju 120 ọkọ̀ lọ. Ẹni tó wà ní ìdí ìlà kò lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu èbúté títí ọ̀rọ̀ fi bẹ́yìn yọ. Wọ́n pè é padà, wọ́n sì bu owó ìtanràn fún un. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, èrò dí Claudia arábìnrin rẹ̀ lọ́nà, ó ní ó mà ṣe o, ì bá ṣe pé arákùnrin òun ṣì wà kó tún kó ọkọ̀ míì lọ sọnù, kí èrò yìí lè dín. Wọ́n bu owó ìtanràn fún òun náà.

Lọ́dún kan náà, Junius Pullus, kọ́ńsù kejì, ń kó oúnjẹ bọ̀ wá sí Lilybaeum: ọkọ̀ ogun 120, ọkọ̀ ẹrù tó sún mọ́ 800. Carthalo ará Carthage lé wọn mọ́ etí àpáta ní apá Camarina yẹn náà, ó sì dúró dè wọ́n. Àwọn atọ́kọ̀ rẹ̀ wo ojú ọ̀run, wọ́n ní ìjì ń bọ̀, kí ó jẹ́ kí àwọn yí orí ilẹ̀ Pachynus kọjá. Ó gbọ́ sí wọn lẹ́nu. Ó tiraka, ó yí i kọjá, ó yè. Gbogbo ọkọ̀ Róòmù fọ́ débi pé pákó wọn kò wúlò mọ́. Ẹ fi èyí wé ti 255: omi kan náà, ìkìlọ̀ kan náà, ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó gbọ́.

Owó tán

Lẹ́yìn èyí Róòmù fi omi sílẹ̀ fún ọdún bíi méje. Àkókò yìí ni Carthage ì bá fi parí ogun, àmọ́ owó rẹ̀ náà ti ń tán. Ó bẹ Ptolemy ọba Íjíbítì kó yá òun ní 2,000 tálẹ́ńtì. Tálẹ́ńtì kan jẹ́ nǹkan bíi kílò 26 fàdákà. Ptolemy ní ọ̀rẹ́ òun ni àwọn méjèèjì, òun kò lè ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ láti lu ọ̀rẹ́. Ní 247, wọ́n rán Hamilcar Barca sí Sísílì, ọlọ́gbọ́n jagunjagun, àmọ́ wọn kò fún un ní ọmọ ogun tó tó. Ó jókòó sórí òkè Heircte fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà sórí Eryx, ó ń yọ Róòmù lẹ́nu bí eṣinṣin. Carthage sì jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ jókòó sílé. Mo ka ìyẹn sí àṣìṣe wọn tó tóbi jù, ó burú ju Ecnomus lọ.

Ní Róòmù, àpò ìjọba ti gbẹ. Àwọn olówó ló dìde: ẹnì kan, tàbí ẹni méjì, tàbí ẹni mẹ́ta, bí agbára bá ṣe mọ, á kan ọkọ̀ kan, wọ́n á sì dá owó náà padà bí nǹkan bá yọrí sí rere. Bí kò bá yọrí, owó lọ nìyẹn. Ọkọ̀ 200 ni wọ́n kàn, ọkọ̀ ará Rhodes tí wọ́n mú ní Lilybaeum ni wọ́n sì fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Gaius Lutatius Catulus kó wọn dé ní 242, ó bá èbúté Drepana lófìfo. Kò jókòó. Lójoojúmọ́ ni ó ń kó àwọn atukọ̀ jáde láti dánra wò, ó sì rí i pé wọ́n ń jẹun dáadáa. Carthage lo oṣù mélòó kan kó tó kó ọkọ̀ jọ, àwọn atukọ̀ jẹ́ aláìmọṣẹ́, ọmọ ogun inú ọkọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ọkà Áfíríkà sì kún ikùn ọkọ̀ títí dé ẹnu. Ètò Hanno, ọ̀gá wọn (kì í ṣe ti Messana tí wọ́n kàn mọ́gi), ni pé kí òun yọ́ dé Eryx, kí òun já ẹrù, kí òun kó àwọn akọni Hamilcar, kí òun tó jà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, 241, afẹ́fẹ́ líle fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn. Hanno ní Hiera, èyí tó jìnnà jù nínú àwọn erékùṣù Aegates, ta ìgbòkun. Afẹ́fẹ́ yẹn ń gbé e lọ, ó sì dojú kọ Catulus. Catulus rò ó: bí mo bá jà lónìí, ìgbì le, àmọ́ ọkọ̀ tó rù ni mo bá jà. Bí mo bá dúró de ọjọ́ tó dáa, ọkọ̀ tó fúyẹ́ àti Hamilcar ni mo máa bá jà. Ó ti fara gbọgbẹ́ ní itan tẹ́lẹ̀, orí àga tí wọ́n ń gbé ló wà, Valerius Falto, igbákejì rẹ̀, ló sì darí ìjà náà ní tààrà. Róòmù ti já òpó àti ìgbòkun sílẹ̀ sí etíkun. Nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà, Carthage ká ìgbòkun, ó sì gba ara rẹ̀ níyànjú, àmọ́ ọkọ̀ tó rù kò lè yí. Wọ́n rì 50, wọ́n gba 70, wọ́n kó ẹrú tó sún mọ́ 10,000. Àwọn tó kù rí i tí afẹ́fẹ́ yí padà, wọ́n ta ìgbòkun, wọ́n sá padà sí Hiera.

Lóde òní, wọ́n ti hú imú idẹ tó lé ní 20 ní ìsàlẹ̀ òkun yẹn, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Levanzo. Orúkọ àwọn akápò ìjọba Róòmù wà lára ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìn, àwọn tó buwọ́ lù ú pé iṣẹ́ náà dáa. Lára ọ̀kan, ìwé Carthage ni, àdúrà sí òrìṣà wọn Baal. Imú náà kéré ju bí àwọn onímọ̀ ti rò pé ó yẹ kó rí fún ọkọ̀ tí àwọn òpìtàn ṣàpèjúwe, ìyẹn ti mú kí àríyànjiyàn lórí ìwọ̀n àwọn ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Owó àdéhùn

Carthage kàn Hanno yẹn náà mọ́gi, ó sì fún Hamilcar láṣẹ láti wá àlàáfíà. Catulus kọ́kọ́ gba 2,200 tálẹ́ńtì ní ogún ọdún, pé kí Carthage kúrò ní Sísílì, kí ó dá ẹrú ogun padà láìgba owó. Àwọn ará Róòmù fúnra wọn kò gbà. Wọ́n rán èèyàn mẹ́wàá wá, àwọn yìí fi 1,000 kún un, wọ́n dín ọdún kù sí mẹ́wàá, wọ́n sì fi àwọn erékùṣù tó wà láàárín Sísílì àti Ítálì kún ohun tí Carthage gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀.

Gisco, tó wà ní Lilybaeum, ló kù láti kó àwọn ọmọ ogun àháyà sọdá. Ó gbọ́n: díẹ̀ díẹ̀ ló ń kó wọn, kí ìlú lè san owó ẹgbẹ́ kan, kí wọ́n lọ sílé, kí ẹgbẹ́ kejì tó dé. Àwọn alákòóso Carthage dá wọn dúró, wọ́n jẹ́ kí gbogbo wọn kóra jọ, nítorí wọ́n fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dín owó kù. Èèyàn tó lé ní 20,000, tí ìlú jẹ ní gbèsè, dó sí ojúkan ní ìlú Sicca. Ogun tó ti ìyẹn jáde gba ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta, nínú rẹ̀ ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti pa Gisco. Nígbà tí Carthage wá fẹ́ lọ gba erékùṣù Sardinia, tó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, padà, Róòmù ní ogun ni wọ́n ń kó bọ̀ wá bá òun. Carthage kò ní ọkọ̀, kò ní owó. Ó fi Sardinia sílẹ̀, ó sì fi 1,200 tálẹ́ńtì kún gbèsè àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ di 4,400.